Wáyà Pupa Abẹ́ Ìjókòó Alùpùpù Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún méjìlélógún ni mo ti fi ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Ìwé ìlànà ẹ̀rọ ni wọ́n sábà máa ń gbé fún mi: bí a ṣe ń to àga, bí a ṣe ń lo ẹ̀rọ ìfọṣọ, ohun tí a kò gbọdọ̀ jẹ́ kí omi kàn. Orúkọ mi kì í sí lára ìwé wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo sì ṣe fẹ́ ẹ. Èmi kì í ṣe ẹni tó ń dìde sọ̀rọ̀ láàárín èrò.

Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀. Tèmi ni.

Agbẹ̀bí ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ní ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní ìparí òpópónà wa. Alùpùpù tí bàbá wa fi sílẹ̀ ló ń gùn lọ bá àwọn aboyún nílé wọn. Alùpùpù náà ti dàgbà. Ọdún mẹ́ta péré ni mo fi jù ú lọ. Bí òtútù bá sì dé ládùúgbò wa, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Omi á dì sórí ìjókòó alùpùpù, á funfun bí iyọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yà sílé mi, kò tilẹ̀ kí mi kí ó tó fi ọwọ́ méjèèjì gbá ife tíì mi mú.

"Wo ìka mi," ó ní. "Kò gbọ́ tèmi mọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ aláboyún kan lánàá, àfi kí n kọ́kọ́ yáná fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè fọwọ́ kan ikùn rẹ̀. Obìnrin ń rọbí, ó ń wò mí, èmi agbẹ̀bí ń yáná!"

"Ẹ ò wọ ìbọ̀wọ́ ni?"

"Méjì ni mo wọ̀, ọ̀kan lórí èkejì. Bíréékì ni mi ò wá lè dì mú."

Mo rántí ìwé kan tí mo ti túmọ̀ rí. Rọ́bà ọwọ́ alùpùpù ni, irú èyí tí iná bátìrì ń mú gbóná láti inú wá. Wàá yọ rọ́bà àtijọ́, wàá ti èyí bọ̀ ọ́, wàá so wáyà rẹ̀, wàá tan súìṣì kan báyìí, ọwọ́ rẹ á sì móoru bí ẹni pé o fi í sábẹ́ ìrọ̀rí. Mo sọ fún un. Ojú rẹ̀ là. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, ó ti rà á.

A gbé e lọ bá mọkálíìkì rẹ̀. Ọkùnrin yìí ló ń tọ́jú alùpùpù bàbá wa, òun náà ló sì ń tọ́jú mẹ́ta tí ilé ìwòsàn ní. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí kò sí nọ́ọ̀tì tí kì í wò lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó tú u.

Ó yẹ rọ́bà náà wò síwá sẹ́yìn.

"Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ó ṣeé ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ fún mi ní ọ̀sẹ̀ méjì. Alùpùpù yín ti dàgbà; iná tó ń pèsè kò fi bẹ́ẹ̀ ju èyí tí gílóòbù àti púlọ́ọ̀gì ń jẹ lọ. Mo fẹ́ wọ̀n ọ́n ná. Àwọn wáyà abẹ́ táǹkì náà ti gan, ó yẹ kí n pààrọ̀ wọn kí n tó gbé ẹrù mìíràn lé wọn lórí."

"Ọ̀sẹ̀ méjì?" Èmi ni mo dá sí i. "Wákàtí méjì ni ìwé rẹ̀ sọ."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Akọ̀wé, alùpùpù tuntun ni ìwé yẹn mọ̀. Ṣé ó ti pàdé eléyìí rí?"

Àwọn tó jókòó dúró de alùpùpù wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n mi náà rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ni kò jẹ́ kí n gbádùn.

"Ẹ jẹ́ kí n ṣe é fún yín," mo wí fún un bí a ti ń padà.

"Ìwọ? Ìwọ tó o máa ń ránṣẹ́ pe kápẹ́ńtà torí ìṣó kan ṣoṣo?"

"Èmi ni mo túmọ̀ ìwé rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n láti orí dé ìdí."

Ó rò ó títí. Lẹ́yìn náà ó wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó ní, "Ó dáa. Sátidé. Ṣùgbọ́n mo máa nílò rẹ̀ ní kùtù Sọ́ńdè o."

Sátidé yẹn! Mo gbé alùpùpù sí yàrá ìkẹ́rù ẹ̀yìn ilé mi, mo tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀, mo to irinṣẹ́ sórí rẹ̀ bí dókítà tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ. Ìlànà kìíní: "Yọ rọ́bà àtijọ́." Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré. Ó gbà mí ní wákàtí kan àtààbọ̀. Mo fà á, kò mì. Mo da omi ọṣẹ sábẹ́ rẹ̀, ó ń yí, kò jáde. Ìgbà tí mo wá mú ọ̀bẹ, rọ́bà gé, ìka mi náà gé.

Ìyàwó mi yọjú. "Ṣé wákàtí méjì ìwé yẹn kò tíì pé ni?"

Mo fi àkísà di ìka mi, mo tún mú ọ̀bẹ.

Ti òsì wọlé dáadáa. Ti ọ̀tún, èyí tí a ń lọ́ kí alùpùpù lè sáré, ni mo lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ tán kí n tó rí i pé mi ò fi àyè sílẹ̀ fún wáyà rẹ̀. Tí mo bá lọ́ ọ, wáyà á fà á mọ́ ibẹ̀, kò ní padà. Mo ní láti fi agbára yí i kí gúlúù tó gbẹ. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. Mo bú rọ́bà, mo bú gúlúù, mo bú ẹni tó kọ ìwé, mo wá rántí pé èmi ni mo tún un kọ.

Ó wá ku wáyà. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà mi kan fún yín, nítorí òun ló tú àṣírí mi níkẹyìn. Ohunkóhun tí mo bá fọwọ́ kàn gbọ́dọ̀ ní àkọlé. Ìgò iyọ̀ ní àkọlé, kọ́kọ́rọ́ ní àkọlé, àpótí tí a ń kó àkọlé sí pàápàá ní àkọlé. Ìyàwó mi ní ọjọ́ tí òun bá sùn jù, òun á jí bá a níwájú orí òun. Nítorí náà mo gé bébà funfun tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, mo kọ orúkọ wáyà kọ̀ọ̀kan sí i ní lẹ́tà wínníwínní, mo fi sẹ́lótéèpù wé e.

Mo dé orí ìlànà kẹjọ: "So wáyà pupa mọ́ wáyà tí kì í ní iná àfi tí a bá yí kọ́kọ́rọ́." Èrò rẹ̀ ni pé, tí ẹni tó gun alùpùpù bá yọ kọ́kọ́rọ́, rọ́bà ọwọ́ náà á kú, kò ní máa fa bátìrì. Mo wá wáyà bẹ́ẹ̀ rí lábẹ́ táǹkì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ìka kàn án ni, ó ṣẹ́ bí igi gbígbẹ. Iná ẹ̀yìn kú. Mo so ó, òmíràn ṣẹ́. Mo so ìyẹn, ti àkọ́kọ́ tú.

Aago márùn-ún ti ń lù. Iná ẹ̀yìn ti padà wá, mi ò mọ bó ṣe wá, ẹ̀rù sì ń bà mí láti mí sí i. Bátìrì wà níwájú mi, orí rẹ̀ méjèèjì ń dán.

Mo so wáyà pupa mọ́ ọn tààrà.

Mo ní n óò tún un ṣe lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ó sì dá mi lójú tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi kọ ọ́ sí àkọlé rẹ̀: "Wáyà rọ́bà ọwọ́. Tààrà láti orí bátìrì. Fún ìgbà díẹ̀." Mo kọ déètì sí i. Mo dé ìjókòó padà.

Ẹ̀gbọ́n mi dé. Mo tan súìṣì, ó fi ọwọ́ lé e, ó sì di ojú rẹ̀.

"Áà," ó ní. "Báyìí ni màmá wa ṣe máa ń di ọwọ́ wa mú tí a bá ń lọ sílé ìwé."

Mi ò rántí ìgbà tó yìn mí bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"O ṣe gbogbo rẹ̀ bí ìwé ṣe wí?"

"Ìlànà kọ̀ọ̀kan," ni mo dáhùn. "Kí ẹ ṣáà máa rántí pa súìṣì tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀."

"Tí mo bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ẹ ṣáà máa pa á. Ó dára bẹ́ẹ̀."

Ẹ wò ó, gbogbo ohun tí mo nílò nígbà yẹn kò ju gbólóhùn kan lọ. Èmi tí mo ń fi gbólóhùn jẹun.

Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà, fóònù mi dún ní kùtù.

"Alùpùpù yìí ti kú fínfín," ni ẹ̀gbọ́n mi wí. "Kò tilẹ̀ húkọ́."

Mo sáré lọ. Súìṣì ọwọ́ wà ní títàn. Aboyún kan ló pè é jáde lánàá; nígbà tó padà dé, ó bọ́ sílẹ̀, ó sáré wọlé, ó gbàgbé. Ta ni kò ní gbàgbé? Mo yára pa á kí ó tó yí ojú síbẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

Mo wo ilẹ̀, mo wo alùpùpù. "Ìgbà wo ni Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ gbé bátìrì yìí sí i?"

"Oṣù tó kọjá."

"Háà! Ayédèrú ni ó fi lé yín lọ́wọ́, ẹ̀gbọ́n mi."

Gbólóhùn náà jáde lẹ́nu mi, ó gún régé, kò sí ibi tí èèyàn ti lè tún un ṣe. Àfi pé irọ́ ni.

Ó fẹ́ ti alùpùpù lọ bá mọkálíìkì. Mo ní rárá, ó wúwo, èmi á yọ bátìrì nìkan lọ. Ẹ ti mọ ìdí rẹ̀. Mi ò fẹ́ kí ọkùnrin tó ń wo nọ́ọ̀tì lẹ́ẹ̀mejì wo abẹ́ ìjókòó yẹn lẹ́ẹ̀kan.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wọn bátìrì náà, ó mi orí.

"Bátìrì yìí ò ṣẹ̀, Akọ̀wé. Nǹkan kan ló ń fà á. Ẹ jẹ́ kí n rí alùpùpù fúnra rẹ̀."

"Kò pọn dandan. Ẹ̀gbọ́n mi ń kánjú."

Ó lọ gbé òmíràn wá, tuntun, kò bá mi jiyàn. Mo gbé e lọ, mo dè é mọ́lẹ̀. Wáyà pupa wà lọ́wọ́ mi. Mo lè fi í sílẹ̀ láìso ó. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi á tutù lọ́la, á bi mí léèrè, kí ni n óò sọ? Mo so ó padà. Mo ní Sátidé ni n óò tún un ṣe. Sátidé dé, aboyún pè é, kò sí alùpùpù nílé.

Ọjọ́ kẹjọ, ó tún kú.

Lọ́tẹ̀ yìí, obìnrin kan wà tí omi rẹ̀ ti dà, ọmọ àkọ́kọ́, kò sẹ́nì kan pẹ̀lú rẹ̀ nílé. Ẹ̀gbọ́n mi fi ẹsẹ̀ rìn. Ó gbé àpò irinṣẹ́ lé èjìká, ó rin ogójì ìṣẹ́jú nínú òtútù yẹn. Ìgbà tó débẹ̀, ọmọ ti wà nílẹ̀, okùn ìwọ́ wé e lọ́rùn, ìyá ọmọ kàn ń wò ó ni, kò mọ ohun tí yóò ṣe. Ọmọ náà yè. Ẹ jẹ́ kí n yára sọ ìyẹn. Ó ké, ó yè. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ní, ká ní òun tún fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́ sí i, òun ò mọ̀.

Ọ̀gá ilé ìwòsàn jẹ́ obìnrin tí kì í gbé ohùn sókè. Ó ní kí Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ wá ní àárọ̀ Tọ́sìdeè, kí ó wá dá kọ́kọ́rọ́ alùpùpù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà. Ó ní ilé ìwòsàn kò ní lo ẹni tó ń ta ayédèrú bátìrì fún agbẹ̀bí. Iṣẹ́ ilé ìwòsàn yẹn ni ọkùnrin náà fi ń gbé ìsọ̀ rẹ̀ dúró. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀gbọ́n mi wá bá mi. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Tẹ̀lé mi lọ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin yẹn á fẹ́ fi ọ̀rọ̀ mọkálíìkì dà wá láàmú. Ìwọ lo mọ̀ ọ́n nínú ìwé. Ìwọ ni kó o bá wa sọ ọ́."

Báyìí ni wọ́n ṣe fi mí ṣe ẹlẹ́rìí.

Mo tètè dé ilé ìwòsàn ní Tọ́sìdeè. Mo ní kọ́kọ́rọ́ kejì alùpùpù náà lápò, èyí tí bàbá wa fún mi. Èrò mi ni kí n ṣí ìjókòó, kí n já wáyà náà, kí gbogbo rẹ̀ tán síbẹ̀. Mo dé ibi tí alùpùpù wà. Abẹ́ fèrèsé yàrá àwọn aláboyún ni! Mẹ́fà nínú wọn ti jókòó síta.

"Ẹ kú àárọ̀ o, àbúrò Àǹtí Nọ́ọ̀sì!"

"Ẹ kú àárọ̀."

"Ṣé ẹ wá tún un ṣe ni? Ẹ ṣeun o. Ẹ má jẹ́ kó kú lọ́jọ́ tèmi o!"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo yọ ọwọ́ kúrò lábẹ́ ìjókòó. Mo dúró bí igi.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ dé ní aago mẹ́jọ. Ó wọ ẹ̀wù mímọ́, ó kó kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta dání, ó sì gbé ẹ̀rọ ìwọnná rẹ̀ kọ́ èjìká. Ó kí ọ̀gá, ó kí ẹ̀gbọ́n mi, ó kí èmi náà.

"Ọ̀gá," ó ní, "ẹ gba kọ́kọ́rọ́ yín. Mi ò bá yín jà. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí n tó lọ. Ẹ jẹ́ kí n wo abẹ́ ìjókòó yẹn."

Ẹ̀gbọ́n mi yí sí mi. "Bá a sọ̀rọ̀."

"Ó ti... ó ti pẹ́ jù," ni mo wí. "Àwọn aláboyún ń dúró."

"A lè dúró!" ni ọ̀kan nínú wọn pariwo láti orí bẹ́ǹṣì.

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ṣí ìjókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí bátìrì, ó wo nọ́ńbà tó ń yí níwájú rẹ̀, ó sì fi ìka méjì tọ wáyà pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, jẹ́ẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ka ìwé. Ó dé orí àkọlé. Ó nu ún pẹ̀lú àtàǹpàkò.

"Mi ò mú jígí ojú mi wá," ó ní. "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi ka èyí."

Ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ síwájú. Ó kà á sókè, kí gbogbo wa lè gbọ́.

"Wáyà rọ́bà ọwọ́. Tààrà láti orí bátìrì. Fún ìgbà..."

Ó dúró. Kò ka ìyókù. Àkọlé bẹ́ẹ̀ wà lára gbogbo ìgò oògùn tó wà ní yàrá rẹ̀. Èmi ni mo kọ wọ́n fún un lọ́dún tó kọjá. Lẹ́tà kan náà ni, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà lábẹ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè, ó wò mí, mi ò sì mọ ibi tí mo lè gbé ojú tèmi sí.

"Lẹ́tà rẹ dára gan-an," ó ní.

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀yin òǹkàwé, ì bá tiẹ̀ sàn kó gbá mi létí.

Mo la ẹnu, mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, wáyà abẹ́ táǹkì ló ṣẹ́..."

"Ọkùnrin yìí ti sọ bẹ́ẹ̀ kí ó tó ṣẹ́," ni ó dá mi dúró. "Ó sọ ọ́ níwájú rẹ. Ìwọ lo wá ní ayédèrú ló tà fún mi. Mo rìn kiri àdúgbò yìí, mo ń bà á lórúkọ jẹ́. Ẹnu mi lo fi sọ ọ́."

Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú mi. Ó já wáyà náà, ó yọ àkọlé rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fi í sápò àyà.

"Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ni," ó sọ fún ẹ̀gbọ́n mi. "Tí ẹ bá ṣì fẹ́."

Ọ̀gá ilé ìwòsàn dá kọ́kọ́rọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sí i lọ́wọ́. Ó wá kọjú sí mi. Ó ní àdúgbò ti gbọ́ pé ọkùnrin yìí ń ta ayédèrú, nítorí náà kí n lọ kọ òtítọ́ sílẹ̀, òun á lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri ìta.

Mo jókòó sídìí tábìlì mi láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán. Ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀, mo lè túmọ̀ ojú ìwé mẹ́wàá láàárín àkókò yẹn. Ṣùgbọ́n kò sí ìwé kankan níwájú mi tí mo lè tẹ̀ lé. Mo kọ ọ́, ó dà bí àwáwí. Mo fà á ya. Mo tún un kọ, ó lẹ́wà jù. Mo fà á ya. Èyí tí mo gbé lọ níkẹyìn kò ju ìlà mẹ́ta lọ: "Èmi ni mo so wáyà náà bí kò ṣe yẹ. Èmi ni mo parọ́ mọ́ mọkálíìkì. Bátìrì rẹ̀ dára." Mo fi orúkọ mi sábẹ́ rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ mi wà lábẹ́ ohun tí mo kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì gan-an, alùpùpù jáde. Wáyà tuntun, gílóòbù tí kò jẹ iná púpọ̀, rọ́bà ọwọ́ tó ń kú tí a bá yọ kọ́kọ́rọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ń gùn ún kọjá níwájú ilé mi láràárọ̀. Kì í yà. Ó ti gba kọ́kọ́rọ́ kejì lọ́wọ́ mi, ó ní kí n má bínú, òun fẹ́ kí ó wà lọ́dọ̀ òun ná.

Mo lọ bẹ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó tẹ́tí sí mi títí mo fi parí, ó sì na ìka sí àpótí nọ́ọ̀tì tó kún ara ògiri rẹ̀, bí ọgọ́ta, tí kò sí èyí tó ní àkọlé.

"Akọ̀wé, ọwọ́ yín dára. Ẹ máa wá bá mi kọ ọ́ ní ọjọ́ Sátidé."

Mò ń lọ. Ó máa ń dúró lẹ́yìn mi, á ṣí àpótí, á wo inú rẹ̀, á wo ohun tí mo kọ, á wá bèèrè pé, "Ṣé òótọ́ ni?" Àwọn oníbàárà rẹ̀ á bú sẹ́rìn-ín. N óò dáhùn pé òótọ́ ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, tí ẹ bá ti gbé nǹkan kan sí ibi tí kò yẹ, tí ẹ sì ti dé ìjókòó lé e, ẹ lọ ṣí i lónìí. Ẹ má retí Sátidé.

Ní Sátidé tó kọjá, mo gbé àpótí ìjókòó kékeré tí mo máa ń lò ní ìsọ̀ Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, mo dojú rẹ̀ délẹ̀ láti gbọn eruku rẹ̀ dànù. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ti lẹ àkọlé wáyà pupa yẹn mọ́ ìdí rẹ̀, ó sì ti gé e ku ìlà kan ṣoṣo. "Fún ìgbà díẹ̀."

Mo wò ó títí. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró alùpùpù bàbá wa tó ń kọjá lọ lójú títì. Mò ń bẹ Ọlọ́run kí ìbínú ẹ̀gbọ́n mi náà jẹ́ fún ìgbà díẹ̀.